Kọ́kọ́rọ́ Ìyá Onílé

Káfíńtà ni bàbá mi, Ó-Gún-Régé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ní pákó tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni òun máa kó wọn sí, torí òun ò rí iṣẹ́ kankan tí mò ń ṣe níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gbà níkẹyìn pé òun máa jókòó ti eré orí kọ̀ǹpútà tí mo ṣe. Tí òun bá ṣe é dé òpin, tó sì jọ iṣẹ́, kí n máa lo yàrá lọ.

Irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo fi ṣe eré náà. Àwọn tó ni ín ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè tú u kó sì tún un tò. Èèyàn á fi máòsì tẹ nǹkan tó wà nínú àwòrán, á wá yan ohun tó fẹ́ ṣe sí i: Wò, Mú, Ṣí, Bá Sọ̀rọ̀. Nínú eré tèmi, ayálégbé kan fẹ́ wọ yàrá ẹ̀yìn tí ìyá onílé tì pa. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì ìyá onílé. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ti mú un kó tó jókòó dáadáa.

Bàbá mi lo ogójì ìṣẹ́jú níwájú tábìlì yẹn.

"Bàámi, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yẹn."

"Ta ló ni ín?"

"Ìyá onílé ni."

"Ṣé ó ní kí n mú un?"

"Eré ni, sà."

"Olè jíjà náà, eré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ó yan Bá Sọ̀rọ̀. Ìyá onílé sọ fún un pé òjò máa rọ̀, torí ohun kan ṣoṣo tí mo kọ fún un nìyẹn. Bàbá mi bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Òjò ṣáà ń bọ̀. Ó dìde, ó ní eré náà ò lópin, ó mú téèpù, ó lọ wọn yàrá mi.

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ṣùgbọ́n ọmọ Ó-Gún-Régé kì í fi nǹkan sílẹ̀ ní wíwọ́. Mo tú inú irinṣẹ́ náà, mo fi ọ̀rọ̀ karùn-ún kún mẹ́rin tó wà níbẹ̀: Tọrọ. Ọjọ́ méjì ló gbà mí. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín pẹ̀lú. Wọ́n bi mí pé ta ló máa nílò irú ẹ̀. Mo ní bàbá mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún jókòó. Ó tọrọ kọ́kọ́rọ́. Ìyá onílé ní kó mú un. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sókè ketekete, ó ṣílẹ̀kùn, ó parí eré.

"Iṣẹ́ ni," ló wí. "O mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn máa tọrọ nǹkan. Yàrá yìí ńkọ́? Ìgbà wo lo tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi?"

Mi ò tọrọ ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí àbúrò mi kó jáde nínú yàrá náà ni mo gbé kọ̀ǹpútà wọlé, tí mo tilẹ̀kùn. Ojú tì mí gidi. Mo kúnlẹ̀ sáàárín wáyà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní yàrá yìí."

"Ọjọ́ tó o wọ ibẹ̀ ni mo ti fún ẹ," ni bàbá mi wí. "Ẹnu ẹ ni mò ń retí."

Nígbà tí pákó dé lọ́jọ́ Sátidé, yàrá tí òun àti ìyá mi ń sùn ló fẹ́ kó wọn sí. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá mi. Ìyá mi ò gbà. Bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pákó léjìká, ó ń tọrọ.