Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Nínú Ilé Aláriwo

"Kí lẹ wí?"

Ìgbà kejì tí Ìyá Alápákó máa bi ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ariwo tó tú jáde bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sì tún gbé ìbéèrè náà mì. Bàbá Aláyùn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ìyàwó òun la ẹnu. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ tuntun náà nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó bá a lọ̀ láàárọ̀, ó ń wo àwọn tẹlifíṣọ̀n ńláńlá tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri yíká, ó ń wo àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pàṣẹ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù bí ẹni pé àwọn yẹn ń gbọ́. Ibẹ̀ kún dẹ́nu. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni, kálukú ló sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

"Ọmọ yìí rán wa níṣẹ́ lónìí," obìnrin náà wí fún ara rẹ̀.

Àkọ́bí wọn ló ṣètò ìjáde náà. Ó ní láti ọjọ́ tí bàbá òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò lọ síbì kankan mọ́. Kí ìyá òun mú un lọ síbi tí èèyàn pọ̀ sí, bóyá ara rẹ̀ á yá. Ìyá ò bá a jiyàn, nítorí ó ní ohun tirẹ̀ nínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní ìlú mìíràn ti ń bẹ̀ ẹ́ kí ó wá máa bá òun gbé, kí àwọn jọ máa mójú tó ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń ta aṣọ. Ó ti gbà fún un. Ọkọ nìkan ni kò tíì sọ fún. Ó sì ti pinnu pé kí àwọn tó jẹun tán níbẹ̀ lónìí, òun á ti sọ ọ́.

Kì í ṣe pé wọ́n jà. Ìjà ìbá tiẹ̀ sàn, torí ẹni tó ń bá èèyàn jà ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kàn dákẹ́ ni, bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Nígbà tí ẹni tó ni ilé ìlapákó tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta ẹ̀rọ, Bàbá Aláyùn wá sílé, ó jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, ó sì di ará ibẹ̀. "Ẹ káàárọ̀." "Káàárọ̀." "Ṣé ẹ máa jẹun?" "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó tán nìyẹn títí di alẹ́. Ilé náà máa ń pa lọ́lọ́ débi pé ìyàwó á ṣí rédíò sílẹ̀, kí ó ṣáà gbọ́ ohùn èèyàn. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé àbí iṣẹ́ ló ń so àwọn pọ̀ látọjọ́ yìí ni. Iṣẹ́ ti tán. Ta ló mọ̀ bóyá òun náà ti tán lójú ọkùnrin yìí?

Obìnrin kan tó sanra dáadáa, tó ń gbé oúnjẹ kiri, ló wá mú wọn. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà láàárín èrò, ó sì fi wọ́n jókòó sídìí tábìlì kan ní agbede méjì ilé, ibi tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ aláwọ̀ pupa jókòó sápá ọ̀tún, tí ti aláwọ̀ búlúù wà lápá òsì. Ó sọ nǹkan. Wọn ò gbọ́. Ó fi ìwé oúnjẹ hàn wọ́n, wọ́n fìka tọ́ka sí àwòrán adìyẹ díndín àti ọ̀dùnkún, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ìyá Alápákó tẹ̀ síwájú. "Bàbá wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́..."

"Hẹn?"

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà!"

"Ọ̀wọ́n kí ni?"

Ó jáwọ́. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì rí i pé ó ti pa ojú dé, ó gbé orí sẹ́yìn díẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó rò pé ariwo ti fẹ́ pa àgbàlagbà lára, pé kí àwọn kúkú máa lọ sílé. Àfi bí ó ṣe rí i pé ẹ̀rín ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kò rí irú ẹ̀rín yẹn mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ta ẹ̀rọ.

Bàbá Aláyùn lajú. Kíá ló na ìka méjì, ó sì jù wọ́n sí apá òsì. Kí Ìyá Alápákó tó ronú rárá, ara rẹ̀ ti yẹ̀ sápá òsì fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwo ńlá tí ìgò kún inú rẹ̀, ibi tí orí obìnrin náà wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni àwo náà gbà kọjá.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín pa wọ́n.

Èdè ilé ìlapákó nìyẹn. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkọ ló ń ti igi sẹ́nu ayùn, ìyàwó ló ń gba pákó lódìkejì. Òwú wà létí wọn méjèèjì. Bí èèyàn tiẹ̀ ké títí tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, asán ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù mọ díẹ̀ nínú rẹ̀: rọra, dúró, ó tún ku ọ̀kan. Àmọ́ tọkọtaya yìí fi tiwọn kún un títí tó fi di odindi èdè. Níbẹ̀ ni ọkọ ti gbọ́ pé ìyàwó lóyún àbíkẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn níṣojú ọ̀gá fúnra rẹ̀, tí ọkùnrin náà á sì máa mi orí pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ń ṣe dáadáa. Ìyá Alápákó ò tíì ronú sí i rí pé nínú ariwo yẹn ni ó ti lọ́kọ, pé ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ti pàdánù rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọkùnrin kan nídìí tábìlì apá ọ̀tún, ẹni tó ń júwe fún gbogbo ayé bí ó ṣe yẹ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Ó fi ìka kan kan tábìlì, ó sì yí àtẹ́lẹwọ́ padà sókè. Pákó tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ nìyẹn: òde ń dán, inú ṣófo. Ìyá Alápákó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Oúnjẹ dé. Ebi ń pa á, ó sì gbé adìyẹ kan tí ata ti sọ di pupa fòò lọ sẹ́nu. Ọkọ rẹ̀, tó ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, tí ojú rẹ̀ sì ti ń ṣomi, sáré na ìkúùkù sókè: dá ẹ̀rọ dúró! Ìyàwó dá ọwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ obìnrin agbóúnjẹ rí ìkúùkù náà láti ọ̀nà jíjìn, ó rò pé wọ́n ń pe òun ni, ó sì gbé málítì méjì wá. Bàbá na ìkúùkù sí òun náà, pé kí ó dúró, pé àwọn ò ní kó gbé e wá. Ó tún gbé méjì sí i wá. Nígbà tí tábìlì fẹ́ kún fún ìgò, ìyàwó di ọwọ́ ọkọ mú, ó fà á wálẹ̀.

"Ẹ má pa wá sílé onílé!" Ẹ̀rín ò jẹ́ kí ó lè sọ ọ́ délẹ̀.

Wọ́n jẹun, ọwọ́ wọn ò sì sinmi. Ó yá, Bàbá Aláyùn fi ọwọ́ kan orúnkún ara rẹ̀, ó nawọ́ sí ìyàwó, ó sì mi ọwọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Orúnkún rẹ ńkọ́? Ẹnu ya obìnrin náà. Kò sọ fún un rí pé orúnkún ń dun òun. Ọkọ fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ìrọ̀rí, ó yí i sápá kan, ó yí i sápá kejì, ó fọwọ́ kan etí. Bí o bá ń yí lórí ibùsùn lóru, mò ń gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó na ìkúùkù, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ sórí tábìlì kí agbóúnjẹ má baà rí i. Ẹ̀rọ dúró. Ó ṣí ọwọ́ méjèèjì, ó fi hàn án pé kò sí nǹkankan nínú wọn. Ó tọ́ka sí ẹnu ara rẹ̀, ó mi orí: mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Inú Ìyá Alápákó dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin yìí ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó kàn jókòó sẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sọ nù mọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ inú tún bí i. Ìgbà wo ni òun wá mọ èyí? Ìgbà tí òun ti fi ẹnu ara òun ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n òun? Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó tọ́ka sí ara rẹ̀, ó sì ṣe àmì pákó tí wọ́n ti tà, tí wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀.

Kò yé ọkọ. Pákó wo?

Ó tún un ṣe. Kò tún yé ọkọ. Kò sí àmì ẹ̀gbọ́n, kò sí àmì ìlú mìíràn nínú èdè wọn, torí kò sígbà kankan rí tí èyíkéyìí nínú wọn ronú àtilọ. Ìyá Alápákó bá dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, ó gba ẹ̀mí sínú, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo.

Lákòókò yẹn gan-an ni rẹfirí fun fèrè, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún pẹ́nátì, kẹ́kẹ́ sì pa mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu.

"MO NÍ MO FẸ́ KÓ LỌ SỌ́DỌ̀ Ẹ̀GBỌ́N MI! MI Ò LÈ MÁA BÁ YÍN GBÉ NÍNÚ ILÉ TÍ Ẹ Ò TI Ń BÁ MI SỌ̀RỌ̀!"

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Aláwọ̀ pupa gbọ́, aláwọ̀ búlúù gbọ́. Obìnrin agbóúnjẹ dúró gbagidi pẹ̀lú ìgò málítì méjì lọ́wọ́. Ìyá Alápákó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé òun mì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ọkùnrin tí wọ́n fi wé pákó tí kòkòrò jẹ lẹ́ẹ̀kan bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, "ẹ ṣe sùúrù kí wọ́n gbá a ná."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ẹnì kan wí lápá òsì. "Bàbá, ẹ dá ìyá lóhùn o."

Ojú Bàbá Aláyùn ti yí padà. Ó wo ìyàwó rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ òsì ara rẹ̀ mú, ó dì í pinpin. Bí gẹdú ńlá bá ń gbọ̀n lẹ́nu ayùn, tó fẹ́ fò, àmì tí wọ́n máa ń ṣe nìyẹn: dì í mú, má jọ̀wọ́ rẹ̀, mò ń bọ̀.

Ọkàn obìnrin náà yọ́, ṣùgbọ́n ó mi orí.

"Rárá o, bàbá wa. Ẹ fẹnu yín sọ ọ́. Kò sí ẹ̀rọ nílé, bí iná bá sì kú lálẹ́, mi ò rí ọwọ́ yín."

Òógùn bo iwájú orí ọkùnrin náà. Ẹni tó ti fi gẹdú tó ju àgbá lọ sẹ́nu ayùn láìfòyà, gbólóhùn kan ló fẹ́ pa á yìí. Lórí tẹlifíṣọ̀n, agbábọ́ọ̀lù fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó sáré. Bàbá Aláyùn gbé orí sókè, ó sọ̀rọ̀.

Bọ́ọ̀lù wọlé.

Ilé náà bú gbàù. Àga ń ṣubú, aláwọ̀ pupa ń fò mọ́ra wọn, ìgò ń yí lórí tábìlì. Kò sí etí tó lè gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ẹnu kan náà lódìkejì ayùn ò nílò etí. Ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò sọ nù: "Má lọ. Àárò rẹ ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà la jọ wà."

Omi lé sí i lójú. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí.

"Mi ò gbọ́!"

Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó mọ̀ dáadáa pé ó rí i. Síbẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó tún un sọ pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀.

"Mi ò tíì gbọ́ o!"

Ó tún un sọ. Nígbà tí ariwo máa fi rọlẹ̀, àgbàlagbà náà ti dìde dúró, ó ṣì ń ké e pé àárò ìyàwó òun ń sọ òun, gbogbo tábìlì tó yí wọn ká sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú tì í. Ó jókòó wéré. Ìyàwó rẹ̀ nu ojú, ó gbé àwo oúnjẹ sún mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n jáde síta, oòrùn ṣì wà lókè, òpópónà sì dákẹ́ lẹ́yìn ariwo inú ilé. Wọ́n rìn díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń tẹ̀ lé wọn bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ń retí rẹ," ọkọ wí nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti há. "Kí lo máa sọ fún un?"

"Kò tíì yé mi," ìyàwó dáhùn. "Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀ títí a ó fi délé ná. Bí a bá débẹ̀, màá ti mọ̀ ọ́n."

Bàbá Aláyùn ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, kí ọwọ́ má baà bá ẹnu sọ ọ́. Ó wo ọ̀run. Ó wo ilẹ̀. Ó wúkọ́.

"Oòrùn yìí mú o," ó wí.

"Ó mú gan-an, bàbá wa," ìyàwó rẹ̀ fèsì, bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ̀rọ̀ oòrùn fún rí láyé. "Ẹ máa wí, mò ń gbọ́."