Irin Keje

Irin gbọọrọ méjìlá ni wọ́n tú lára afárá àtijọ́ tí mọ́tò ń gbà, wọ́n sì tò wọ́n sórí ìtì igi nínú yáàdì. Ọ̀gá yáàdì ní òun yóò fi wọ́n ṣe afárá tí ọkọ̀ ojú irin yóò máa gbà kọjá odò. Èrò náà dára. Ẹni tó bá ní kí wọ́n da irin tó yè nù, ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí ti kánjú jù, ó ní kí wọ́n kun gbogbo wọn lọ́dà kí wẹ́dà tó fi òòlù yẹ̀ wọ́n wò. Ta ní í bu oúnjẹ sáwo tán kó tó fọ̀ ọ́?

Obìnrin ni wẹ́dà ọ̀hún. Ẹlẹ́tí ni wọ́n ń pè é, nítorí etí ló fi ń mọ irin. Yóò lu orí ìṣó kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi kan irin pọ̀, yóò sì tẹ́tí. Èyí tó bá ké tíín, ó yè. Èyí tó bá dún kù, ó ti bàjẹ́ nínú. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, bàbá yìí náà ló sì kan ìṣó afárá yẹn nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ti ròyìn ká àdúgbò pé ọkọ̀ ojú irin fẹ́ máa gun iṣẹ́ ọwọ́ òun. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ẹlẹ́tí fẹ́ yẹ àwọn irin náà wò, bàbá wọ aṣọ tó dára jù lọ nílé rẹ̀, ó wá jókòó sórí àpótí láti wòran.

Mẹ́fà àkọ́kọ́ ké tíín. Ìkeje dún kù.

Ẹlẹ́tí tún un lù. Kù. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò, ó sì rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba abẹ́ ìṣó mẹ́ta kọjá. Ó bojú wo bàbá rẹ̀ lórí àpótí, nítorí ó mọ ẹni tó kàn án.

"Ọ̀gá, eléyìí ò lè lọ."

"Kí ló ṣe é? Ogójì ọdún ni tírélà fi gùn ún!"

"Ó ti sán. Tírélà lẹ wí. Ọkọ̀ ojú irin lẹ fẹ́ gbé lé e, èèyàn ló sì wà nínú ẹ̀."

"Ọ̀la ni àwọn tó máa to afárá ń bọ̀ wá kó àwọn irin náà. Fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo wọn yè, àbí kó o máa lọ sílé. Mo máa rí ẹni tó máa fọwọ́ sí i." Ó yíjú sí bàbá. "Baba, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Bàbá dìde. "Ọmọ mi, ìlà ojú ọ̀dà lásán nìyẹn. Irin tí mo kàn ò lè sán."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ẹlẹ́tí wọra. Láyé rẹ̀, kò ko bàbá rẹ̀ lójú rí. Ṣùgbọ́n bó bá lọ sílé báyìí, ẹlòmíràn yóò fọwọ́ sí i, irin náà yóò sì dé orí odò. Ó fa ìbòjú bojú, ó tan iná gáàsì.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" ọ̀gá pariwo.

"Ẹ ní kí n fọwọ́ sí i."

Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sún mọ́ iná náà. Ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn ló ti ń gé e bọ̀, kò sì tíì gé e dé ìdajì tí irin náà fi dá fúnra rẹ̀, tó wó lulẹ̀ gbàà.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ibi tó ti dá. Ó ti dípẹtà dé inú. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti sán. Bàbá nàró, omi ti lé sí i lójú.

Ọ̀gá ti ń nàka sí Ẹlẹ́tí. "Ta ló fún ẹ láṣẹ kó o gé irin mi?"

"Èmi ni," ni bàbá wí. "Èmi tí mo kàn án." Ó gbé òòlù nílẹ̀, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Gbà. Ó ku márùn-ún."