Ọwọ́ Òsì Tóbilọ́ba

Láti ọjọ́ Àìkú ni Morọ́láyọ̀ kò ti bá Tóbilọ́ba sọ gbólóhùn ìfẹ́ kan, ọjọ́ Sátidé sì rèé, ọjọ́ tí gbogbo sáà eré Herons, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù àdúgbò wọn, bọ́ sí ọwọ́ ọmọ náà. Bí Herons bá borí lọ́sàn-án yìí, wọ́n ti wọ àṣekágbá nìyẹn, ohun tí wọn ò ṣe rí látìgbà tí obìnrin yìí ti ń wò wọ́n. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, kálukú á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó di ilé. Pápá àwọn tí wọ́n ń bá figa gbága ní Oxon Hill ni eré náà wà. Morọ́láyọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì irin lẹ́yìn àwọn ọmọ Herons, òun àti Mọ̀nsúrát ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wọ ṣáàtì Herons tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré lásán ni béèsìbọ́ọ̀lù lójú obìnrin yìí o. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn ṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí èèyàn ń dúró ṣe títí ẹsẹ̀ á fi wú. Nígbà tí òun àti Akínlọ́lá ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ kó dé Accokeek ní Amẹ́ríkà, kò yé e rárá ohun tí àgbàlagbà ń wá tó fi ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tó tún ń sáré yípo padà sí ibi tó ti gbéra. Mọ̀nsúrát, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló fà á lọ wòran ní ọjọ́ ìsinmi kan. Lọ́jọ́ náà, wọ́n lu Herons bí ẹní lu bàrà. Àánú wọn ṣe Morọ́láyọ̀, ó padà lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ kejì, bó ṣe di ara wọn nìyẹn. Akínlọ́lá máa ń sọ pé ìyàwó òun kò lè rí ẹni tó ṣubú kó má tẹ̀ lé e délé.

Sáà ọdún yìí ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di aláìsàn. Herons fi ìyà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n pàdánù títí àwọn òǹwòran fi ń mú ìwé kíkà wá sí pápá. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n ṣàdédé jí, wọ́n ń na àwọn tó jù wọ́n lọ. Bí Morọ́láyọ̀ bá sì ti ní kí òun mí, ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á wá fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó gbààwẹ̀ fún wọn. Ó fi orúkọ wọn ránṣẹ́ fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí pásítọ̀ fi pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ṣé ẹbí ọkọ rẹ̀ ni àwọn Herons yìí.

Ọmọ yunifásítì ni gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Herons, ìgbà ooru nìkan ni wọ́n ń wá, àwọn ará àdúgbò ló sì ń gbà wọ́n sílé. Nígbà tí wọ́n ní ọmọ Yorùbá kan ń bọ̀ lọ́dún yìí láti Houston, pé òun ni yóò máa ju bọ́ọ̀lù, Morọ́láyọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Yàrá Anna, ọmọ rẹ̀ tó ti lọ́kọ, ṣófo. Tóbilọ́ba dé tòun ti báàgì ńlá lẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, inú Morọ́láyọ̀ sì yọ́. Yorùbá ọmọ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé. Láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ eré, á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń ju bọ́ọ̀lù, Morọ́láyọ̀ á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, á sì ṣàdúrà lé e lórí. Gbogbo ìgbà kọ́ ni àdúrà náà ń gbà, àmọ́ wọn ò fo ọjọ́ kan rí.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ yìí jókòó ti ẹ̀bà, ó ki ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́.

"Tóbilọ́ba," ni Morọ́láyọ̀ wí, "ọwọ́ wo lò ń fi jẹun yẹn?"

"Sorry, ma." Ó fọ ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ, ó ní òun ti yó.

Lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ òsì ló fi na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí i. Lọ́jọ́ kejì, Akínlọ́lá ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ náà jókòó sórí àga, ó ju ọwọ́ òsì sókè, ó ní, "Welcome, sir." Nǹkan gbóná lára Morọ́láyọ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni ọkùnrin onífìlà koríko kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo Tóbilọ́ba, ẹni tí ẹgbẹ́ ńlá kan rán pé kó bá wọn wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù dáadáa. Ohun tó sì wọ Morọ́láyọ̀ lọ́kàn ni pé ìgbéraga ti gun ọmọ náà.

"Ẹ rí i, Bàbá Anna, wọn ò tíì mú un, ó ti ń fi òsì kí àgbà. Tí wọ́n bá wá mú un ńkọ́, ẹsẹ̀ ló máa fi kí wa?"

"Ó rẹ ọmọ náà ni," ni Akínlọ́lá dá a lóhùn. "Fi í sílẹ̀."

"Àárẹ̀ kì í sọ ọ̀tún di òsì."

Kò fi í sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ̀kò ọ̀rọ̀, ọmọ náà kò sì fèsì. Láàárọ̀ yìí, Tóbilọ́ba kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ kankan. Morọ́láyọ̀ dúró kó nà án. Nígbà tí kò nà án, ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ní, "Olúwa á wà pẹ̀lú ẹ," ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Gbogbo ọ̀nà dé Oxon Hill ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún, ó sì tún ń bínú pé ó ń dun òun.

Ìpele mẹ́sàn-án ni eré béèsìbọ́ọ̀lù, wọ́n sì ti wọ ìkẹsàn-án báyìí. Herons ní mẹ́ta, àwọn onílé ní méjì. Àwọn onílé ló kù tí yóò na igi. Bí Tóbilọ́ba bá ti mú ẹni mẹ́ta jáde nínú wọn, ó parí. Ó mú ẹni àkọ́kọ́ jáde. Mọ̀nsúrát gbá Morọ́láyọ̀ léjìká, ó ní, "Ọmọ ẹ ń ṣe bẹbẹ o! Ṣé ẹ̀ ń jà síbẹ̀?"

Morọ́láyọ̀ ti tẹjú mọ́ pápá. Bọ́ọ̀lù ti já bọ́ lọ́wọ́ Tóbilọ́ba níbi tó dúró sí lórí òkìtì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù, láìsí ẹni tó fara kàn án. Ìbọ̀wọ́ awọ tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ló fi wà á nílẹ̀. Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, ìbọ̀wọ́ yẹn kan náà ló fi nù ún.

"Kí ló dé tó ń fi awọ nujú?" ni Mọ̀nsúrát wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ojú Morọ́láyọ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún tó sọ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ìka méjì tó kẹ́yìn ká wọnú, wọn ò nà. Ó ti rí irú ìka bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ láìmọye ìgbà, ó sì mọ̀ pé ìgúnpá ni ìjàngbọ̀n rẹ̀ ti ń wá. Ó ro ọ̀sẹ̀ náà padà. Ẹ̀bà ọjọ́ Àìkú. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Welcome, sir." Ọmọ yìí kò rí wọn fín. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò ṣe é gbé, òun tó ti ń tọ́jú ọwọ́ tó ṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá sì jókòó ti èyí tó wà nínú ilé rẹ̀, ó ń pè é ní àfojúdi.

Ó yẹ kó dìde lójú ẹsẹ̀, kò dìde. Ó bojú wo igun pápá, níbi tí Rídwàn ti ń na ara. Bí wọ́n bá yọ Tóbilọ́ba, Rídwàn ni yóò wọlé, Rídwàn náà ló sì ti fọ́ gbogbo agbè tí Herons pọn omi sí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹni méjì péré ló kù. Ó sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé, Ọlọ́run, ẹni méjì péré, kí ọwọ́ náà bá wa fara dà á.

Tóbilọ́ba jù ú, onígi fì, kò bá a. Ariwo sọ. Ó tún un jù, onígi gbá a lọ sókè réré, ọmọ Herons kan sáré, ó sì hán an. Ó ku ẹnì kan. Gbogbo àwọn tó bá Herons wá fò dìde, Morọ́láyọ̀ náà wà lórí ìdúró, ẹnu rẹ̀ là, ó ń pariwo ayọ̀ pẹ̀lú wọn. Ibẹ̀ ló ti rí Tóbilọ́ba tó tẹ̀ síwájú, tó fi òsì gbá ọ̀tún mọ́ ikùn, tó ń wá èémí. Ariwo náà kú sí Morọ́láyọ̀ lẹ́nu. Ojú tì í débi pé kò lè wo Mọ̀nsúrát.

"Níbo lò ń lọ? Ó ku ẹyọ kan!" ni Mọ̀nsúrát kígbe.

Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ìdí wáyà tó yí pápá ká, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kó padà lọ jókòó, kò tilẹ̀ wò ó.

"Tóbilọ́ba! Na ọwọ́ ọ̀tún ẹ sí mi!"

Ọmọ náà yíjú. Ó mi orí. "Ma, ẹ jókòó. Please, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí o na ọwọ́ ọ̀tún ẹ sí mi!"

Ó gbìyànjú rẹ̀. Ọwọ́ náà gòkè dé ìbàdí, ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Joel, kóòṣì wọn, ti sáré dé ìdí wáyà, inú ń bí i. Ó bi í léèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni ìṣòro, ṣé kò rí i pé ẹnì kan ló kù ni?

"Mo rí i," ni Morọ́láyọ̀ wí. "Lọ sọ fún un kó ya àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n má kan ara wọn. Tó bá lè ṣe é, kí wọ́n lé mi jáde ní pápá yìí."

Kóòṣì wò ó, ó wo ọmọ náà, ó sì ní kí wọ́n dá eré dúró. Ó lọ bá Tóbilọ́ba lórí òkìtì. Láti ìdí wáyà ni Morọ́láyọ̀ ti ń wò wọ́n, gbogbo àdúrà tó ti ń gbà fún Herons ti tán lẹ́nu rẹ̀. Tóbilọ́ba na ọwọ́. Àwọn ìka náà kò yà. Kóòṣì gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi orí pe Rídwàn.

Ẹni tó bá mọ Rídwàn lè sọ ìyókù. Ó ju bọ́ọ̀lù sí gbogbo ibi tí kò yẹ títí ẹnì kan fi rìn lọ́fẹ̀ẹ́ sí orígun àkọ́kọ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbá tirẹ̀ kọjá ògiri, àwọn méjèèjì sì sáré yípo wọlé. Mẹ́rin sí mẹ́ta. Àwọn onílé ń fò lé ara wọn lórí, sáà Herons sì parí síbẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ irú ṣáàtì tí Morọ́láyọ̀ wọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Thank you very much, madam." Ó dùn ún wọ egungun. Ọkùnrin onífìlà koríko ti lọ. Tóbilọ́ba kò wo ojú Morọ́láyọ̀ nígbà tó ń wọ mọ́tò, kò sì wò ó nílé ìwòsàn tí wọ́n yà sí, níbi tí dókítà ti ní iṣan ìgúnpá ọmọ náà ti ń ya, kò tíì já. Kò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù títí di ọdún tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa wò ó.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n délé. Akínlọ́lá ti gbọ́, ó ti ro ẹ̀bà sílẹ̀, ó ti gbé ọbẹ̀ kaná. Wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ Tóbilọ́ba kọ́ ọrùn.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ni Morọ́láyọ̀ bi í.

"Ẹ máa ní kí n má play ni. Nurse ni yín."

"Mò ń bú ẹ látọjọ́ Àìkú. O gbọ́, o dákẹ́."

"Ó better kí ẹ máa bínú sí mi, ma. Tí ẹ bá ń bínú, ẹ ò ní wo ọwọ́ mi."

Morọ́láyọ̀ fa àga, ó jókòó. Omi ti lé sí i lójú. "Mo ti rí i kí n tó dìde. Kí ẹnì kejì tó jáde ni mo ti rí i. Mo jókòó, mo ń wò ẹ́, torí mo fẹ́ ká wọ àṣekágbá."

Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán. "Mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ jókòó títí ẹnì kẹta á fi jáde ni." Ó bú sẹ́kún.

Akínlọ́lá gbé oúnjẹ wá, ó fi ṣíbí ti àwo Tóbilọ́ba. Tóbilọ́ba wo ṣíbí náà, kò mú un. Morọ́láyọ̀ nawọ́, ó mú ṣíbí kúrò níbẹ̀. Ó fọ ọwọ́ òsì rẹ̀ nínú abọ́ omi, ó kì í bọ ẹ̀bà, ó bù ú, kò rọrùn fún un, ọbẹ̀ sì kán sí i láyà ṣáàtì Herons.

"Ìyá Anna," ni Akínlọ́lá wí, "òsì?"

"Ẹ fọ tiyín, ẹ jẹ́ ká jẹun," ni Morọ́láyọ̀ dáhùn, ó sì ti abọ́ omi náà sí ọwọ́ òsì Tóbilọ́ba.