Ẹ̀wà Inú Kéèkì Ọba

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye góòlù mi, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá ló ń rojọ́. Mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ni, kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣe atamátàsé, bọ́ọ̀lù nìkan ni mo fi ń jẹun. Orí mi, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, títí kan ìbàdí mi, gbogbo wọn ló ti ti bọ́ọ̀lù sáwọ̀n rí. Èyí tí ìbàdí tì yẹn, mi ò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kà á mọ́ tèmi.

Èmi Ronan Kerbrat, ọmọ Port-Gwenn ni mí, ìlú etí òkun kan ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń fi òkun ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo ń lọ ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bàbá mi ní, "Bí bọ́ọ̀lù bá já ẹ kulẹ̀, padà wálé. Òkun ò lọ síbì kankan." Bọ́ọ̀lù ò já mi kulẹ̀. Ẹgbẹ́ márùn-ún ni mo gbá fún. Mo lo sáà kan ní ìpele kìíní ilẹ̀ Faransé, mo sì lo ọdún mẹ́sàn-án gbáko lọ́dọ̀ àwọn Aláwọ̀ Búlúù ní ìpele kejì. Níbẹ̀, bí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì, èèyàn mẹ́wàá á ti kí mi kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí n kì í sọ. Ọdún kẹsàn-án yẹn, ìdíje tí a ó fi bọ́ sí ìpele kìíní, ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún ti pé, wọ́n fún wa ní pẹnáritì. Mo gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ bí ẹni ń gbé oúnjẹ síwájú àlejò. Mo gbá a sí apá ọ̀tún. Ó gba orí òpó kọjá, ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń din ọ̀dùnkún lẹ́yìn pápá. Láti ọjọ́ yẹn, ọdún mẹ́fà rèé, n kò gbá pẹnáritì mọ́. Kò sẹ́ni tó fura, nítorí mo mọ ọgbọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún wa ní ọ̀kan, okùn bàtà mi á tú, tàbí kí ọrùn ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, tàbí kí n na ọwọ́ sí ọmọdé kan nínú wa, kí n ní, "Ìwọ gbá a, àkókò tìrẹ nìyí." Àwọn oníwèé ìròyìn ní aláàánú ni mí. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Nígbà tí mo di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì tí orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, mo padà sílé láti fi sáà kan ṣeré pẹ̀lú Port-Gwenn kí n tó fi bàtà kọ́. Ìpele kẹfà ni wọ́n wà. Apẹja mẹ́rin ló wà nínú wa, olùkọ́ méjì, àti Jakez Morvan tó ń pín lẹ́tà. Kọ́ọ̀ṣì wa, Hervé Talarmin, òun ló ń ṣe búrẹ́dì fún gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Faransé kì í wojú ẹni. A borí lẹ́ẹ̀kan, a borí lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi di ìgbà keje. Nígbà tó di Oṣù Kìíní tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń wọlé, wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n ní àwọn Aláwọ̀ Búlúù ni yóò wá bá wa ní Port-Gwenn. Àwọn ará ilé mi àtijọ́!

Oṣù Kìíní náà sì ni oṣù kéèkì ọba. Ẹ̀wà kan máa ń wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀wà mọ́, ère kékeré tí wọ́n fi amọ̀ dídán ṣe ni. Ẹni tó kéré jù á rá pálá wọ abẹ́ tábìlì, kó má baà rí nǹkan kan, òun ni yóò máa pe ẹni tó ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bá ẹ̀wà nínú tirẹ̀ á dé adé bébà, òun ni yóò sì gbé kéèkì mìíràn wá. Báyìí ni gbogbo ilẹ̀ Faransé ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ tiwa, láti ayé àwọn bàbá wa, ọba náà ni balógun ní ìdíje tó bá tẹ̀ lé e, òun ló sì ni gbogbo pẹnáritì. Lọ́dún kan, aṣọ́lé ló jẹ ọba. Ó sáré láti òpin pápá kan dé òpin kejì, ó gbá a wọlé, ó tún sáré padà.

Ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ tó ṣíwájú ìdíje, Talarmin gbé kéèkì dé sórí tábìlì yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Talarmin, lọ́dún yìí ẹ jẹ́ ká pa àṣà tì díẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́la kì í ṣe ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó ní góòlù mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ni kẹ́ ẹ fún ní pẹnáritì."

Mo mọ̀ pé kò ní gbà láéláé. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn.

"Ronan, ẹ̀wà ò mọ atamátàsé yàtọ̀ sí apẹja," ló wí. "Bó o bá fẹ́ gbá a, jẹ ẹ̀wà."

"Tó bá wá kan èmi ńkọ́?" Jakez béèrè. "Ẹ̀gbọ́n Ronan, èmi tó jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ni mo lè jù sínú ihò!"

"Ìwọ ni kó o lọ gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀? Ajá tó ń lé apínlẹ́tà kiri á ti lé ẹ kó o tó débẹ̀," mo dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Malo, aṣọ́lé wa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, òun ló kéré jù nínú wa. Ó ga tó ilẹ̀kùn, abẹ́ tábìlì ò sì gbà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta.

"Bàbá, ẹ ṣe kíá, ẹ jọ̀ọ́! Orúnkún mi ti ń sọ̀rọ̀ sí mi létí!"

Talarmin gé ẹyọ kìíní. "Ti ta nìyí?"

"Ti Ẹ̀gbọ́n Jakez!"

Jakez gba tirẹ̀, ẹni tí kì í lè dúró de ẹnikẹ́ni bó bá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rán an lọ gbé ọtí èso ápù wá láti inú ọkọ̀. Talarmin tún gé òmíràn.

"Eléyìí ńkọ́?"

"Ti Ẹ̀gbọ́n Ronan! Atamátàsé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gba àwo, mo tẹrí ba fún wọn bí ọba tòótọ́, mo jókòó. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kéèkì mi níbi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Nǹkan funfun kan ń yọjú láàárín èso álímọ́ńdì lílọ̀ tí wọ́n fi kún inú rẹ̀.

Pẹnáritì ọjọ́sí padà sójú mi. Mo rí òpó, mo rí ọkùnrin ọlọ́dùnkún. Gbogbo wọn ti kọjú sí ọ̀bẹ, wọ́n ń fi Malo ṣe yẹ̀yẹ́, àga Jakez sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fi àwo mi pààrọ̀ tirẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ èyí tó kàn mí. Kò tilẹ̀ tó nǹkan, ẹnu méjì ni mo fi jẹ ẹ́ tán, kò sì dùn.

Jakez padà dé, ó wo àwo rẹ̀, ó wò mí, ó jókòó, ó bù ú jẹ.

"Yéè! Eyín mi o!"

Ariwo ta. Wọ́n dé e ládé, wọ́n gbé e sókè. Talarmin nìkan ni kò pariwo. Ó ń nu ọ̀bẹ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára mi.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo Port-Gwenn ló wà létí pápá. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ lójú wa, òjò tín-ín-rín ń bá a rìn. Jakez ló wọ àmì balógun lápá. Ẹ má ṣe rò pé ìtìjú mú kí n gbá bọ́ọ̀lù burúkú. Láàárín ogún ìṣẹ́jú mo ti fi orí kan ọ̀kan wọlé, ó di mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ. Àwọn Aláwọ̀ Búlúù dá a padà kí a tó lọ sinmi, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ìgbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, Malo gbá bọ́ọ̀lù jíjìn, mo gba àárín méjì nínú wọn kọjá, ọ̀kan sì fi ẹsẹ̀ gbá mi wó. Rẹfirí fọn fèrè. Pẹnáritì.

"Ọba! Ọba! Ọba!" ni gbogbo ìlú ń pariwo.

Jakez gbé bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti tú okùn bàtà mi. Ó wá bá mi níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gba nǹkan yín."

"Nǹkan mi wo?"

"Mo ti bu tèmi jẹ kí n tó lọ gbé ọtí. Nígbà tí mo padà dé, ó ti pé pérépéré. Kéèkì kì í hù padà, Ẹ̀gbọ́n."

Èmi tí mo ti tan kọ́ọ̀ṣì márùn-ún, tí mo tan oníwèé ìròyìn, èyí tí apínlẹ́tà ti fi eyín sàmì sí ni mo jẹ láìwò ó.

"O sì dákẹ́ láti àná?"

"Mo rò pé ẹ máa wá gbà á ni. Mo dúró dè yín títí. Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbá a. Ẹ̀yin lè gbá a, ẹ̀rù kàn ń bà yín ni."

Ó yọ ẹ̀wà náà nínú ìbọ̀sẹ̀, ẹja funfun kékeré kan, ó fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Bí mo ṣe ń rìn lọ síbi àmì pẹnáritì, ariwo sọ. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ọba ṣeré ní Port-Gwenn. Màmá Soazig, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́jọ, di okùn etí pápá mú.

"Ronan Kerbrat! Fi bọ́ọ̀lù ọba sílẹ̀! Ìyá rẹ kọ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, olójúkòkòrò!"

Mo lè dákẹ́. Jakez ti gbé e fún mi, kò sì sí òfin rẹfirí tó kà á léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà tó, ó ti sú mi. Mo na ẹ̀wà náà sókè, mo sì pariwo ju bí mo ti pariwo góòlù rí lọ.

"Èmi ni ẹ̀wà kàn! Ẹ̀rù pẹnáritì ló bà mí, mo sì fi í sínú àwo Jakez!"

Ni Talarmin bá dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ pápá:

"Ọ̀bẹ mi ti sọ fún mi láti àná! Ó kan ẹ̀wà nígbà tí mò ń gé tìẹ! Gbá a jàre, òtútù ń pa wá!"

Ẹ̀rín bú sókè. Màmá Soazig alára rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣe kíá.

Jocelyn Belrose ni aṣọ́lé àwọn Aláwọ̀ Búlúù. Ọdún mẹ́sàn-án la jọ gbé, ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù mi lọ bá ọlọ́dùnkún. Ó ń fò lórí ìlà, ó ń na ọwọ́.

"Ronan, ojo! Ọ̀tún náà ni, bíi tọjọ́sí?"

"Ọ̀tún náà ni," mo dáhùn. "Múra sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbá a sí ọ̀tún, lábẹ́ òpó lọ́tẹ̀ yìí. Belrose ti fò sí òsì. Ẹni tó ti ń fọ́nnu fún ogún ọdún, ọjọ́ tó bá sọ òótọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Wọ́n ní bí èèyàn bá gbá góòlù sílé tó ti jẹun rí, kì í yọ̀, ṣe ni yóò na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Mo yọ̀. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Jakez, mo gbé e sọ́rùn, orúnkún mi ké, mi ò dá a lóhùn. A borí pẹ̀lú méjì sí ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni iye góòlù mi ṣe di márùndínláàádọ́sàn-án. Ní yàrá aṣọ, Jakez ṣí adé bébà lórí ara rẹ̀, ó fi dé mi.

"Kábíyèsí," Talarmin wí, "kéèkì tó kàn dọwọ́ rẹ."

Mo gbé e dé ní Sátidé tó ṣáájú ìdíje wa tó kàn. Malo tún rá wọ abẹ́ tábìlì, ó ń ráhùn. Talarmin fi ọ̀bẹ gé e, ó dá ọ̀bẹ dúró díẹ̀, ó wò mí.

"Ti ta nìyí?"

"Ti Ẹ̀gbọ́n Ronan!"

Wọ́n gbé e síwájú mi. N kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó yíjú, mo ti bù ú jẹ.