Òǹkà Inú Omi Gbígbóná

Yìnyín ń já bọ́ ní Akita, ní ilẹ̀ Japan, lọ́jọ́ náà nígbà tí Masae, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, já ọmọ rẹ̀ Konomi sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ Chigusa láìsọ tẹ́lẹ̀.

"Wọ́n pè mí níbi iṣẹ́. Jọ̀ọ́, bá mi wẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni mo bá yín bí i ni?" Ṣùgbọ́n Chigusa ti gba ọmọ náà.

Ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ mọ́, ó gbé e sínú ọpọ́n ìwẹ̀, omi gbígbóná mù ún dé àyà. Bí fóònù ṣe dún nìyẹn. Ọkùnrin tó ti ń retí ni.

"Àǹtí, ẹ má lọ."

"Mò ń bọ̀. Máa kà á dé ọgọ́rùn-ún. O ò gbọ́dọ̀ jáde kó o tó kà á tán, àbí o fẹ́ kí òtútù pa ọ́?"

"Ichi, ni, san..." Konomi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ení, èjì, ẹ̀ta.

Chigusa ń gbọ́ ohùn ọmọ náà láti pálọ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù. Nígbà tó yá, ohùn náà dákẹ́. Kò fura.

Ìgbà tó padà, Konomi ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé etí ọpọ́n, ojú rẹ̀ pọ́n bí akàn tí wọ́n bọ̀. Chigusa sáré sún mọ́ ọn. Ó fà á yọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi aṣọ tútù bò ó lórí, ó ń kán tíì tútù sí i lẹ́nu.

"Konomi! Dá mi lóhùn!"

Ọmọ náà lajú díẹ̀díẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Bí mo bá dé juu-kyuu, n ò mọ èyí tó kàn. Bàbá àgbà ló máa ń bá mi pè é, wọ́n á sì gbé mi jáde. Mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ichi."

Ọmọ náà kò tíì mọ òǹkà kọjá mọ́kàndínlógún, Chigusa sì ní kó kà á dé ọgọ́rùn-ún. Ó ti gbọ́ ichi yẹn léraléra, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè.

Nígbà tí Masae dé, Konomi ti ń jẹ ìrẹsì. "A ṣeré ni, Màmá," ló sọ, ó sì wo Chigusa bí ẹni tó ṣe é lóore. Irọ́ náà ti jinná, gbígbé mì ló kù. Kò lọ lọ́fun Chigusa. Ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Masae fọwọ́ kan ọrùn ọmọ rẹ̀, ó yẹ ojú rẹ̀ wò. "Ara rẹ̀ ti balẹ̀." Ó ń wọ ẹ̀wù òtútù fún ọmọ náà. "Ẹ̀bi tèmi náà ni. Mo máa ń jù ú sí ọ lọ́wọ́ bí ẹrù."

"Ẹ má gba ẹ̀bi náà lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Tèmi ni."

Masae pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Chigusa pè é, ó ní òun fẹ́ rí Konomi.  "Máa bọ̀ nílé wa," ni Masae sọ. "Ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ ti jọ máa ṣeré ná."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì tọ́ sí i. Ó wọ bàtà yìnyín rẹ̀, ó jáde.