Ẹ̀rín Tó Wà Nínú Fóònù Túnmiṣe

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2024, Ọláwọlé ọmọ mi kú sínú iná ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park.

“Ẹ wò ó dáadáa, Dádì,” ni Babáwálé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì na fóònù sí mi lójú. “Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi òkú àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́.”

Pálọ̀ Babáwálé la wà, ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé àdúrà ogójì ọjọ́. Nínú fóònù náà, Túnmiṣe, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọláwọlé bí, wé gèlè ìyá rẹ̀, ó sì gbé àwo òfìfo dání. Ó fajú ro, ó ń fi ọwọ́ lu àyà.

“Áà, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Má sunkún mọ́. Ọlọ́run ló mọ ohun gbogbo.” Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé ẹran ewúrẹ́ yẹn ti tán ni?”

“Èmi ló ń sín jẹ,” ni Oyíndà, ìyàwó Babáwálé, wí. “Èmi tí mo dáná ìsìnkú bàbá ẹ̀! Sister Ọláṣùmbọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n tún fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta tẹ̀ lé e.”

Òótọ́ ni pé òun ló sọ ọ̀rọ̀ ẹran náà lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo jókòó tì í nígbà tó sọ ọ́.

Fídíò yẹn kì í ṣe tuntun sí mi. Lọ́dọ̀ Ọláwọlé ni mò ń gbé, ní apartment wọn ní Greenspoint. Láti ìgbà tí a ti sìnkú, Túnmiṣe kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í jẹun tó nǹkan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá rẹ̀. Mo wọlé láti bá a wí. Ó sún fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi fóònù hàn mí. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kú ló ń ṣe irú fídíò yẹn káàkiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, orin kan náà ni gbogbo wọn ń lò: olúkúlùkù ń ṣe bí àwọn tó wá tù ú nínú ti ṣe.

“Grandpa, ẹ gbọ́ ti Zion, ní Dallas. Mọ́mì ẹ̀ ló kú. Auntie ẹ̀ ní, ‘She’s an angel now.’ Then ó wá bèèrè pé, bàtà ẹ̀ ńkọ́, what size?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi, ṣùgbọ́n ó rí mi. Àwo ẹ̀wà méjì ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní pálọ̀ Babáwálé báyìí, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, títí kan Túnmiṣe tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Helen, opó Ọláwọlé, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ òru tó ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Helen, kúnlẹ̀,” ni Babáwálé wí.

Ó kúnlẹ̀.

“Ìwọ lo kọ́ ọ. Bí ìyá bá ń ṣọ̀fọ̀, ọmọ ò ní máa jó nínú fóònù.”

“Ẹ má bínú, Bọ̀dá Wálé. Ọmọ yìí kì í sùn. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kó—”

“Ẹ̀rín! Ọkọ rẹ kú, ẹ̀rín lò ń wá? Wọ́n fẹ́ fi òróró yàn mí ní ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù kẹfà. Kí ni kí n wá sọ fún Wòlíì?”

“Uncle, Mommy ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀,” ni Túnmiṣe wí. “Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí.”

“Ó dáa. Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Kì í ṣe eléyìí nìkan, gbogbo ẹ̀. Níbí, lójú wa.”

Ọmọ náà di fóònù mọ́ àyà. “Uncle, please. Fídíò Daddy wà níbẹ̀. Èmi àti Daddy la jọ máa ń ṣe é before. Kò sí níbòmíì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ save wọn.”

“Kí o lè gbé e síta padà lọ́la? Mo ní nísinsìnyí.”

Túnmiṣe yíjú sí mi. “Grandpa, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà wò ó. Ẹ rẹ́rìn-ín.”

Gbogbo wọn wò mí.

“Dádì?” ni Oyíndà wí. “Ẹ̀yin náà?”

Èmi ni bàbá wọn. Àga ńlá ni wọ́n fi mí jókòó sí. Bí mo bá sọ pé mo rẹ́rìn-ín, a jẹ́ pé mo fi òkú ọmọ mi rẹ́rìn-ín.

“Ṣe ohun tí àwọn àgbà ní kí o ṣe,” ni mo wí.

Babáwálé dúró lẹ́yìn Túnmiṣe, ó ń wo ìka rẹ̀. Ọmọ náà ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà kan, ìka rẹ̀ ṣèèṣì tẹ ọ̀kan nínú wọn, ohùn ọkùnrin sì jáde, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Mo mọ ohùn náà. Helen gbé orí sókè lórí ìkúnlẹ̀.

Babáwálé wúkọ́. “Máa bá a lọ.”

Nígbà tí ọmọ náà parí, Babáwálé tún pàṣẹ pé kó wọ ibi tí ohun tí a pa rẹ́ máa ń sá pamọ́ sí, kó pa ibẹ̀ náà rẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbàdúrà, a sì ṣe Àmín. Oyíndà ní kí Helen dìde wá jẹun.

Lóṣù kẹfà, wọ́n fi òróró yan Babáwálé. Mo wọ sùtánà funfun, mo jókòó níwájú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Helen ń di ẹrù. Òun àti ọmọ rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ Olivia àbúrò rẹ̀ ní Atlanta. Túnmiṣe ti padà sínú ìdákẹ́ rẹ̀. Bí mo bá pè é, “Yes, sir” nìkan ló ń dá mi lóhùn.

“Ṣé kò sí fídíò kankan tó kù?” ni mo bi Helen.

“Kò sí, Bàbá.”

Fóònù Ọláwọlé jóná mọ́ ọn. Fídíò ìgbéyàwó wọn wà, ṣùgbọ́n orin ni wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀. Ilé kan náà lèmi àtọmọ mi ń gbé; kò sí ìdí tí ì bá fi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi.

“Kí ló ń ṣe nínú èyí tó ṣe kẹ́yìn?”

Helen ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. “Ẹ̀yin ló ń sín jẹ, Bàbá. Ó dé fìlà yín, ó ń gbàdúrà sórí oúnjẹ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, títí oúnjẹ á fi tutù. Kò lè dé Àmín. Ẹ̀rín ò jẹ́ kó parí ẹ̀.”

Wọ́n lọ ní ọjọ́ kejì. Àwọn ohun tí Ọláwọlé fi sílẹ̀, tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, nìyí: bàtà iṣẹ́ kan tó ní irin lẹ́nu, ìgò lọ́fínńdà tó ku díẹ̀, Bíbélì kan, tí ìda àbẹ́là ta sí lẹ́yìn, ìpara ẹ̀yìn ríro, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí a ti tà, àti fọ́tò pélébé mẹ́rin tó yà fún ìwé ìrìnnà, níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín.