Jíìpù Màámi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ìyá méjì ṣe ń jà láìgbé ọwọ́ sókè, kó fún wọn ní jíìpù kan ṣoṣo, kó ní kí wọ́n jọ tún un ṣe.

Iná ni wọ́n ń pe àbúrò. Wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló bí orúkọ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan án báyìí, ó ti ń jó lala nìyẹn. Mẹkáníìkì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn sì lè tú nọ́ọ̀tì kan láàárọ̀ kó máa wò ó títí oòrùn á fi kan àtàrí, bí ẹni tó ń bi í bóyá ó ti jẹun. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ń lò, abẹ́ páànù kan náà.

Jíìpù ọ̀hún, bàbá wọn ló fi sílẹ̀ kó tó kú. Màámi, ìyá wọn, ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán, ilé ìwòsàn tò ó, ó sì wá ń gbé ní ilé Iná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó san débi tó lè fi ọ̀pá rìn, kò ní orin méjì mọ́: ilé, ilé, ilé. Ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ sórí òkè, níbi tí ọ̀nà ti di kòtò àti òkúta, tí ọkọ̀ lásán kò lè gbà á láìfi ikùn wọ́lẹ̀.

"Kí òjò tó dé o," ló máa ń wí. "Bí odò bá ti gba ọ̀nà, ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi ò sì mọ̀ bóyá mo ṣì ní ẹ̀ẹ̀rùn kan nílẹ̀."

Àwọn méjèèjì gbà pé kí wọ́n tún jíìpù ṣe fún òkè. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é ló dogun.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Bí Bàbá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Pààrọ̀ nǹkan kan, wà á, gbọ́ ohun tí ọkọ̀ bá sọ, kó o tó fọwọ́ kan òmíràn."

"Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ ni, kì í ṣe ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Kí ló fẹ́ sọ?"

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gun igi."

"Kí ìgbín yín tó dókè, wọ́n ti gé igi náà, wọ́n ti fi kan àga, ìgbín ṣì ń kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́! Táyà ńlá ò lè wọlé àfi ká gbé ara ọkọ̀ sókè. Bá a bá gbé e sókè, irin tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wọ́, a gbọ́dọ̀ tún ìyẹn náà ṣe. Ọ̀kan ló ń fa èkejì. Bá a bá máa jẹ ọ̀pọ̀lọ́, ká kúkú jẹ èyí tó lẹ́yin!"

Màámi pariwo láti ojú fèrèsé: "Ẹ tètè jẹ ẹ́ tán, kẹ́ ẹ wá gbé mi relé!"

Kò sẹ́ni tó borí nínú àríyànjiyàn náà. Ẹ̀gbọ́n kàn lọ ra irin ni, nígbà tó sì máa padà dé, jíìpù ti wà lórí ìtì igi, kò lẹ́sẹ̀, kò nílẹ̀kùn, ó rí bọrọgidi bí adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ tán.

"Ta ló ní kó o..."

"Bọ̀ọ̀dá, bó bá jẹ́ iṣẹ́, ẹ mú sípánà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ pa ẹnu yín dé."

Àbúrò kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n. Iná mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́. Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó mú sípánà. Kò sì la ẹnu mọ́.

Wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Iná gbé ara ọkọ̀ sókè, ó ki sípíríìnì tó nípọn bí apá sí i nídìí, ó gé àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ dànù kí òkúta má baà fà á ya. Ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó. Iná wà á gun òkìtì àlàpà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì jó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Ẹ̀gbọ́n náà pàtẹ́wọ́, jẹ́jẹ́.

Ni Màámi bá jáde nínú aṣọ tó dáa jù, báàgì lápá, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó dé ẹ̀gbẹ́ jíìpù. Ilẹ̀ ọkọ̀ bá a ní àyà. Ó gbójú sókè, ó ní:

"Ta ni mo fẹ́ lọ kí lókè yìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Iná rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀rín yẹn ló ń rín lọ́wọ́ tó fi rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ń gbìyànjú láti gòkè, tí kò kúrò nílẹ̀.

Wọ́n gbé àpótí wá. Ìbàdí kọ̀. Wọ́n gbé òun alára, ọmọ kan lápá ọ̀tún, ọmọ kan lápá òsì, ó ń ké títí ó fi jókòó. Iná rọra wa ọkọ̀. Òkúta kékeré kan ló wà lẹ́nu géètì, òkúta tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ gbá, ṣùgbọ́n sípíríìnì tó le bẹ́ẹ̀ kì í gba nǹkan mọ́ra. Ìbàdí Màámi ló gbà á.

"Ẹ sọ̀ mí! Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!"

Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ tán, Iná ní òun á mú ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó kàn jẹ́ díẹ̀. Irọ́ ni, ó sì mọ̀. Bó bá mú un wálẹ̀, táyà á máa gé ara ọkọ̀ jẹ. Gbogbo ohun tó dì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà ló gbọ́dọ̀ tú u, ojú ọ̀run sì ti ṣú lórí òkè. Ó wá ẹni tó máa dá lẹ́bi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ẹ ò rí i pó ga?"

"Mo rí i. Ọjọ́ tó o gé àtẹ̀gùn ni mo ti rí i."

"Ẹ wá dákẹ́?"

"O ní kí n pa ẹnu mi dé."

Iná ń retí kó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn bó bá rẹ́rìn-ín. Wọn ì bá jà. Ojú ẹ̀gbọ́n kàn ń wo ilẹ̀.

Màámi ti gbọ́. "Ẹ kú iṣẹ́," ló wí, láìbínú rárá, ìyẹn ló sì burú jù. "Ọ̀kan fẹ́ borí, èkejì ń dúró kó ṣubú. Èmi ni ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń ja ìjàkadì lé lórí." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé. "Ẹ lọ bá mi kó ẹrù mi wá. Bẹ́ẹ̀dì mi náà. Níbí ni màá máa gbé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán ọmọ lọ ra iyọ̀.

Jíìpù gun òkè yẹn bí ewúrẹ́. Kòtò àkọ́kọ́, ó gbà á kọjá. Àwọn òkúta tó ti fọ́ ìdí ọkọ̀ àwọn baba olówó, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹ̀pà. Iná di ìdarí ọkọ̀ mú, ó ń gbàdúrà kí ó há, kí táyà kan bẹ́, kí nǹkan kan ṣáà kọ̀, kó lè sọ pé ọ̀nà ni kò ṣeé lọ. Nǹkan kan kò kọ̀.

Nínú yàrá Màámi, eruku ti bo bẹ́ẹ̀dì. Iná dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."

Ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sídìí bẹ́ẹ̀dì.

"Di ẹsẹ̀ tibẹ̀ yẹn mú," ló wí. "Ó wúwo."